Bí Eré Bá Dáwọ́ Dúró, Ǹjẹ́ Ìfẹ́ Rẹ̀ Náà A Máa Dáwọ́ Dúró?

  Mo mọ̀ pé bí àwọn kan nínú yín bá rí i pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni tíṣà àgbà gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, wọn a fẹ́ ṣí ojú ewé náà kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdúróṣinṣin ló wà ní ìdí rẹ̀: ta ni ó yẹ kí ènìyàn dúró tì, títí di ìgbà wo, àti pé bí ẹni tí a dúró tì bá kọ́kọ́ yẹsẹ̀ ńkọ́?

Nígbà ọlidé ilé-ìwé kan, ọmọ ọmọ mi ọkùnrin wá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ mi ní Satellite Town. Ẹ mọ bí omi òjò ṣe ń fojú wa rí màbo ní àdúgbò wa. Omi wọ yàrá, a sì ní láti kó àwọn ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti fa fìlà kan yọ nínú àpótí olóògbé ọkọ mi, tí wọ́n kọ Stationery Stores sí lára. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹgbẹ́ wo nìyí? Ṣé wọ́n ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù?" Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Arsenal ti ìlú òyìnbó ni ó ń tẹ̀lé, ó sì lè ka orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù wọn lórí bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ṣe ń ka a-b-d. Mo ní, "Rárá o, wọn kò gbá a mọ́ bí ti àtijọ́." Ó tún ní, "Ṣé wọ́n kú ni?" Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Èkó mọ ohun tí Stores jẹ́. Olóyè Israel Adebajo, oníṣòwò ńlá nì, ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, débi pé ọmọ Adebajo ni àwọn ènìyàn ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Challenge Cup ní 1967, wọ́n tún gbà á ní 1968. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje Òlíńpíìkì ti Mexico ní 1968 yẹn, ara wọn ni. Olóyè náà kú ní 1969, ẹgbẹ́ náà kò kú. Wọ́n tún gba ife náà ní 1982 àti ní 1990, wọ́n sì gba ife líìgì gbogbo Nàìjíríà ní 1992. Bí Stores bá ń bá Shooting Stars ti Ìbàdàn gbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ọkùnrin tí yóò jẹun dáadáa nílé lọ́jọ́ náà, àfi bí ó bá borí.

Ọdún 1983 ni a ṣe ìgbéyàwó. Mo fẹ́ ọkọ, mo sì fẹ́ Stores mọ́ ọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún mi níwájú pẹpẹ. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ní bọ́ọ̀lù, ọkọ mi a wọ mọ́lúè láti Mile 2, ó di Oníkan. Bí wọ́n bá borí, a ra súyà bọ̀. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, a wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, a sì ní orí ń fọ́ òun. Èmi a máa rí sí i pé àwọn ọmọ kò pariwo. Mo máa ń bínú nígbà náà, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Owó súyà àti owó ọkọ̀ yẹn ì bá ti ra bàtà ilé-ìwé fún ọmọ kan.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1992, nǹkan dàrú. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ta ni ó ni ẹgbẹ́ náà, ẹjọ́ di ti kóòtù, ẹgbẹ́ náà sì re ìsàlẹ̀ títí ó fi di àwátì. Wọ́n ti gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti jí i dìde, kò tíì rí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Mo wà nílé, mo sì rí ohun tí èyí ṣe sí ọkùnrin kan. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń retí. Gbogbo àárọ̀ ni yóò ra ìwé ìròyìn, tí yóò ti ẹ̀yìn kà á, bóyá wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Stores, a ní kí wọ́n má da òun láàmú. Lẹ́yìn náà ni ìbínú pàápàá tán. Èyí tí ó tán yìí ni ó burú jù. Nígbà tí ó ń bínú, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí ìbínú lọ, tí ó kàn ń jókòó sí ìta ní ọ̀sán Sátidé tí ó ń wo ọ̀nà, mo mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò nínú ilé wa. Kò pẹ́ sí i, aládùúgbò wa kan ra satẹ́láìtì, ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo bọ́ọ̀lù Ìlú Ọba níbẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan, mo ní, "Bàbá, ẹ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, èmi kọ́ ni mo jáde nílé."

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí gbólóhùn yẹn díẹ̀. Ní ọdún 1992 kan náà tí Stores gba ife líìgì kẹ́yìn ni àwọn ará Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ Premier League wọn. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé òyìnbó ni ó fi tẹlifíṣọ̀n gba àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ wa. Mo rò pé a ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kí òyìnbó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní eré kan tí wọ́n ń pè ní baseball, tí wọ́n fi ń ju bọ́ọ̀lù kékeré, tí ẹlòmíràn sì ń fi igi gbá a. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí a ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tiwa. Ní August 12, 1994, àwọn agbábọ́ọ̀lù náà daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé àwọn olówó tí ó ni ẹgbẹ́ fẹ́ fi gbèdéke sí owó tí wọn yóò máa san. Ní September, wọ́n fagi lé ìyókù sáà náà pátápátá. Àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní World Series, tí ogun àgbáyé méjèèjì kò dá dúró, tí ilẹ̀ tí ó mì tìtì ní California ní 1989 kò dá dúró ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, kò wáyé ní 1994. Ó ti tó àádọ́rùn-ún ọdún tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, láti 1904. Ìyanṣẹ́lódì náà kò parí títí di April 2, 1995.

Nígbà tí wọ́n ṣí pápá padà, àwọn òǹwòran kò wá bí ti tẹ́lẹ̀. Iye tí ń wá wò wọ́n dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Àwọn tí ó wá pàápàá, àwọn kan wá láti hó lé wọn lórí ni. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lójú wọn: olówó ń bá olówó jà, kò sì sí ẹni tí ó bi ẹni tí ń ra tíkẹ́ẹ̀tì léèrè ohunkóhun. Oníṣòwò ní ìwé àdéhùn, agbábọ́ọ̀lù ní ìwé àdéhùn. Òǹwòran kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ àfi ìfẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè fi jà náà nìyẹn: kí ó dá a padà sílé.

Ìlú kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó ṣe mí láàánú ju gbogbo rẹ̀ lọ, Montreal ní Kánádà. Ẹgbẹ́ wọn, Expos, ni ó wà lókè gbogbo ẹgbẹ́ lọ́dún náà nígbà tí eré dúró, wọ́n ti borí ní ìgbà mẹ́rìnléláàádọ́rin. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá wọn ì bá gba ife. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ta àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn tí ó dára jù, òǹwòran dín kù, nígbà tí ó sì di òpin 2004, wọ́n kó ẹgbẹ́ náà kúrò lọ sí Washington. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, mo ní, áà, ọkọ mi ì bá ní ará ní Montreal.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ kí ẹ bá mi ro nǹkan kan. Láti February di October 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì wa daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Àwọn ọmọ wa jókòó sílé. Inú bí wọn, inú bí àwa òbí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ilé-ìwé, ṣebí wọ́n padà? Wọ́n padà nítorí pé wọ́n nílò ìwé ẹ̀rí. Bí iná mànàmáná bá lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí a sì ṣépè fún wọn, lọ́jọ́ tí ó bá dé a ó pariwo, a ó sì tan gílóòbù. Ohun tí a nílò kò lè fi dá wa lójú bóyá a fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó nílò bọ́ọ̀lù? Kò sí ẹni tí ebi yóò pa nítorí pé kò wo Stores. Nítorí náà, bí eré bá dáwọ́ dúró tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó padà, ìfẹ́ ni ó mú un padà, ẹni tí kò sì padà, a kò lè fi ipá mú un. Èyí ni mo ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ó ń fi hàn wá bí ìdúróṣinṣin ṣe rí nígbà tí kò sí àǹfààní kankan nínú rẹ̀.

Ṣé ìdádúró náà fúnra rẹ̀ ni ó ń pa ìfẹ́? Mo ti rò bẹ́ẹ̀ rí. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ rántí pé Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní Tunisia ní 1994. Ní 1996, ìjọba ológun kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa lọ gbèjà ife náà ní South Africa, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa Ken Saro-Wiwa ní November 1995. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Áfíríkà sì ní a kò gbọdọ̀ kópa ní 1998. Ìdádúró gidi nìyẹn. Ǹjẹ́ a kọ Super Eagles sílẹ̀? Ní August 1996 tí wọ́n na Argentina ní góòlù mẹ́ta sí méjì, tí wọ́n gba wúrà ní Òlíńpíìkì Atlanta, Festac kò sùn. Èmi tí mò ń bínú sí owó súyà, mo wà ní títì pẹ̀lú ìró tí mo so láìwo gíláàsì. Gbogbo wa mọ̀ pé àwọn ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n fi ipá dá dúró kò dà bí ẹni tí ó jókòó fúnra rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni jíjókòó fúnra ẹni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní December 2016, lẹ́yìn tí àwọn ọmọbìnrin wa, Super Falcons, gba ife Áfíríkà bọ̀ láti Cameroon, a kò san owó wọn. Wọ́n jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì ní Abuja, wọ́n ní àwọn kò ní lọ sílé, ife náà sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. N kò gbọ́ kí ìyá kan sọ pé wọ́n ṣe àṣejù. A tún fẹ́ràn wọn sí i ni, nítorí pé ìyà tí ń jẹ obìnrin òṣìṣẹ́ ni a rí lójú wọn. Ní July 2025 ní Morocco tí wọ́n gba ife náà lẹ́ẹ̀kẹwàá, tí wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ góòlù méjì kí wọ́n tó dá mẹ́ta padà, èmi àti àwọn obìnrin òpópónà wa jọ pariwo. Nítorí náà, kì í ṣe ìyanṣẹ́ ni ènìyàn kì í dárí jì. Ohun tí ó ṣòro láti dárí jì ni kí àwọn tí ó yó máa jà lé wa lórí bí ẹni pé a kò sí níbẹ̀.

Líìgì tiwa ni kí a wá wò. Ní 2018, ìjà lórí ta ni yóò jẹ ọ̀gá nínú àjọ bọ́ọ̀lù dá a dúró lẹ́yìn ìpele mẹ́rìnlélógún, wọ́n sì pe Lobi Stars ní olúborí láìparí rẹ̀. Ní 2019, wọ́n gé e kúrú. Ní 2020, àrùn Kòrónà dé. Ẹ kò lè gbàgbé oṣù March yẹn ní agbègbè wa. Ọjọ́ Àìkú, March 15, ni ìbúgbàù Abúlé-Àdó ṣẹlẹ̀, tí ilé wa mì, tí ẹ̀mí ṣòfò. A kò tíì palẹ̀ àwókù mọ́ tí wọ́n fi dá líìgì dúró, tí kónílé-ó-gbélé sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní òpin oṣù. Àwọn ará Ìlú Ọba náà dá tiwọn dúró. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni tiwọn, láti ìgbà tí wọ́n gbá kẹ́yìn ní March títí di June 17, wọ́n sì parí ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí òǹwòran kan nínú pápá. Tiwa kò parí. Plateau United ni ó wà lókè lẹ́yìn ìpele márùndínlọ́gbọ̀n, líìgì mìíràn kò sì bẹ̀rẹ̀ títí di òpin December ọdún náà. Oṣù mẹ́sàn-án! Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ rí mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́sàn-án.

Lọ́jọ́ tí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí ó wà lẹ́bàá ọ̀dọ̀ mi ṣí padà, gbogbo bẹ́ǹṣì kún. N kò rí ọmọ kan tí ó béèrè ìgbà tí líìgì Nàìjíríà yóò bẹ̀rẹ̀. Wọn kò bínú sí i. Wọn kò mọ̀ pé ó dúró ni. Èyí mú mi padà sí ojú ọkọ mi níta ní ọ̀sán Sátidé.

Mo bi arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa léèrè pé kí ni òun rò. Ó ní ènìyàn olóòótọ́ kì í yí padà, ó ní kí n wo Rúùtù. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àgbà ni wọ́n jẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé ẹni ni Rúùtù dúró tì. Náómì wà níbẹ̀, opó bíi tirẹ̀, wọ́n jọ ń rìn lójú ọ̀nà ni. Ta ni ọkọ mi ì bá dúró tì? Orúkọ lásán, àti fáìlì kan ní kóòtù? Wọ́n ní bí ó ti wù kí ó rí, ó yẹ kí ó máa sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mú mi. Ó gbé fìlà náà sínú àpótí, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ wa títí ó fi kú ní 2014. Èmi náà kò sọ. Ní tèmi, mo rò pé kò jẹ̀bi pé ó lọ wo bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta kò lè sùn sí ẹnu ọ̀nà títí ayé. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn, n kò mọ̀ bóyá ìyẹn náà kò ní ẹ̀bi tirẹ̀. Mo ń ro èyí pẹ̀lú àwọn àga kan nínú ilé ìjọsìn wa tí ó ṣófo láti ìgbà Kòrónà. A bínú sí àwọn tí kò padà. Èló nínú wa ni ó ti lọ kan ilẹ̀kùn wọn?

Ìyàtọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn kí n tó gbàgbé. Ní September 6, 1995, agbábọ́ọ̀lù kan tí ń jẹ́ Cal Ripken gbá eré ẹlẹ́ẹ̀kẹgbàá-ó-lé-mọ́kànléláàádóje rẹ̀, 2,131, láìpa ọ̀kan jẹ rí láàárín wọn. Wọ́n dá eré dúró, ó sì rìn yí pápá ká, ó ń bọ àwọn òǹwòran lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé alẹ́ ọjọ́ náà ni ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó yé èmi tíṣà dáadáa. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ. Àwọn ọmọ kì í rántí ẹni tí ó mọ ìṣirò jù nínú wa. Ẹni tí wọ́n ń bá nínú kíláàsì ní gbogbo àárọ̀ ni wọ́n ń béèrè.

Ní 2025, nígbà tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́, mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná lémi nìkan. Ọdún náà ni mo mú ọmọ ọmọ mi lọ sí Oníkan, tí wọ́n ti tún kọ́, tí wọ́n ń pè ní Mobolaji Johnson Arena báyìí, láti lọ wo Ikorodu City. Ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn láti wọ ibẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bínú sí pápá náà, n kò fojú kàn án rí. Ọmọ náà kọ́kọ́ ń ráhùn pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Nígbà tí ó yá, bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó rí fìlà tí ó wà lórí ọmọ náà, ó sì dìde dúró. Ó ní, "Ta ni ó fún ọ ní fìlà yìí?" Ọmọ ní, "Ti bàbá bàbá mi ni, sà." Bàbá náà kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn 1982 fún un, góòlù kan tẹ̀lé òmíràn, títí tí wọ́n fi fọn fèrè ìparí.

Nínú danfó tí a wọ̀ bọ̀, ó bi mí pé ọjọ́ wo ni wọn yóò tún gbá. Mo ní kí ó jẹ́ kí a kọ́kọ́ délé.